Ohun Tí Ojú Ń Wá

Ẹ̀yin tí ẹ bá Ayọ̀bọ̀ ní Èkó nígbà tí ilé ti fara kan ilé, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà ti ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí yunifásítì ti dé, tí ilé ìjọsìn ti pọ̀ ju ìdí ọ̀pẹ lọ, ẹ kò lè mọ bí ibẹ̀ ṣe rí nígbà tí ẹsẹ̀ wa kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Oko ni. Láti Ìpájà títí wọ ọ̀nà Àìyétòrò, ohun tí ojú ń rí ni gbágùúdá àti àgbàdo, ìdí obì, igi ọsàn, ọ̀gán tó ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ilẹ̀ pupa tí í lẹ̀ mọ́ bàtà títí bàtà yóò fi wúwo lẹ́sẹ̀, òórùn epo tí àwọn ìyá ń fọ́ létí odò, àti àwọn Àwórì onílẹ̀ tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi ti ẹmu wọn, tí wọn yóò bi ọ́ léèrè ọmọ ẹni tí ìwọ í ṣe kí wọ́n tó bi ọ́ ní iye tí o mú dání. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ohun tí onílé tuntun ń kọ́kọ́ ṣe kó tó da ìpìlẹ̀ ni kó gbẹ́ kànga, kí bíríkìlà lè rí omi po símẹ́ǹtì.

Irú agbẹ́kànga méjì ló wà nígbà náà. Èkíní á dé, á wo ilẹ̀ yíká, á bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀, á sì wí pé, "Ibí ni, bàbá. Ẹ máa wá owó." Bí o bá bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, ẹ̀rín ni yóò rín sí ọ. Èkejì kì í yára. Yóò kọ́kọ́ lọ sílé àwọn tó ti gbẹ́ kànga ṣáájú, yóò ju òkúta tó so mọ́ okùn sínú rẹ̀ kó lè mọ bó ṣe jìn tó, yóò bi wọ́n pé níbo lẹ ti kan amọ̀, níbo lẹ ti kan yanrìn, àwọ̀ wo ni yanrìn náà ní, ṣé omi ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi wo ni ewé rẹ̀ kì í rọ nígbà ọyẹ́. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó ri èèkàn mọ́lẹ̀. Owó rẹ̀ sì wọ́n ju ti èkíní lọ. Ẹni tó bá rò pé èkejì ló máa ń rí omi nígbà gbogbo, kò tíì gbé àdúgbò wa pẹ́. Mo rí èkíní tó gbẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí, tí omi sun kẹlẹlẹ; mo sì rí èkejì tó wádìí títí, tó fọgbọ́n yan igun rẹ̀, tó wá kan amọ̀ dúdú tí kò lópin, tí onílé ń wò ó bíi pé ó jalè.

Ilẹ̀ wa níhìn-ín kò le. Yanrìn àti amọ̀ ni, ìpele lórí ìpele, tí omi ayé àtijọ́ kó jọ, kì í ṣe àpáta bíi ti Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n amọ̀ náà kò dọ́gba; ó lè nípọn lẹ́yìn ilé tèmi, kó má sì sí rárá lẹ́yìn ilé tìrẹ. Ìdí nìyẹn tí èrò inú agbẹ́kànga fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Lónìí ńkọ́? Ẹ̀rọ rígì á dé ní ìdájí, ariwo rẹ̀ á gba àdúgbò kan, kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti lu ilẹ̀ tán, wọ́n ti ri páìpù, wọ́n ti gbowó, wọ́n ti lọ. Ẹrẹ̀ tó ń tú jáde láti inú ihò, tí gbogbo ìtàn ilẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, ọmọdé ni wọ́n máa ń ní kó fi ṣọ́bìrì kó dà sí gọ́tà. Bí o bá bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró ti ẹ̀rọ pé kí ló dé tó fi jẹ́ igun yìí ló yàn, á ní ibẹ̀ ni onílé ní kí òun lù, kí mọ́tò onílé lè rí àyè yà. Èyí kì í ṣe èrò agbẹ́kànga èkíní, kì í sì í ṣe ti èkejì.

Iṣẹ́ òkúta ni mo fi tọ́ ọmọ, ẹnu mi gbà á láti sọ ọ́. Àwọn ọ̀mọ̀ràn tí mo bá ṣiṣẹ́, òyìnbó àti ọmọ ilẹ̀ wa, tí wọ́n kàwé tí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn agbẹ́kànga méjì yẹn náà ni wọ́n. Ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Ohun tí olúkúlùkù gbé sórí wá láti ilé ni kò dọ́gba.

Ọmọ tó ń gbé àpò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira. Wọ́n ti ń wa góòlù níbẹ̀ ṣáájú kí n tó débẹ̀, nínú àwọn odò kéékèèké tó yí Ìtagunmọ́dì, Ifẹ̀wàrà àti Ìperíndó ká. Ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fèrè á ti dún, ìrì á ti rin ṣòkòtò wa dé orúnkún, èéfín igi ìdáná, òórùn kòkó tó ń gbẹ lórí ẹní, òórùn aṣọ káńfáàsì tí òjò pa sí, ìjàlọ tó la ọ̀nà kọjá, ẹ̀gún èèkan-án, eṣinṣin tí í jẹ ni létí odò, gbogbo rẹ̀ á kí ni káàárọ̀. Ẹrù wa nìyí: àgọ́ méjì, bẹ́ẹ̀dì tí í ká, làǹtánù, ṣọ́bìrì, díígà, àdá, hámà, kọ́ńpáàsì nínú àpò awọ, máàpù tí wọ́n ká sínú agolo kí òjò má bà á jẹ́, páànù ìwẹgóòlù, àti àpò aṣọ kéékèèké rẹpẹtẹ tí a ń bu yẹ̀pẹ̀ sí, tí a ó sì fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí lára. Ní alẹ́, iyán, ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́, àti ìtàn.

Ẹni tí kò bá rí páànù ìwẹgóòlù rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún un. Abọ́ irin fẹ̀ǹfẹ̀ kan ni. O ó bu yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ odò sí i, o ó ri í sínú omi, o ó máa yí i, o ó máa gbọ̀n ọ́n, omi á máa gbé èyí tó fúyẹ́ lọ, títí yóò fi ku yanrìn dúdú bíńtín ní ìsàlẹ̀, nítorí òun ló wúwo. Nínú yanrìn dúdú yẹn ni góòlù máa ń sá pamọ́ sí. Bí ó bá tàn, ọkàn rẹ á lù kì. Bí kò bá tàn, o ó nu ọwọ́, o ó tún gbéra. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tọ odò lọ sókè, àpò lórí àpò, láti mọ ibi tí góòlù náà ti ń ya wọnú omi.

Ọ̀gá méjì ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ wọn. Ti àkọ́kọ́, òyìnbó pupa tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Gold Coast, ibi tí a ń pè ní Gánà báyìí. Gbogbo ohun tó bá rí ní Ìjẹ̀ṣà, Gánà ló fi ń wò ó. Bí ó bá rí òkúta funfun tó là kọjá ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ojú rẹ̀ á ràn, á ní òun ti rí irú èyí ní Òbúásì, kí a ri èèkàn. Kì í ṣe aláìmọ̀kan o. Ojú tó ti wo òkúta ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìmọ̀ tí ẹnu kò lè ṣàlàyé, mo sì ti rí i tó dúró níbi tí àwa rò pé kò sí nǹkan kan, tó fi hámà fọ́ òkúta, tó gbé e sójú oòrùn, tí góòlù sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá kejì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, ọ̀dọ́, tẹ́ẹ́rẹ́, tó kàwé gboyè. Tirẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun títí àpò yẹ̀pẹ̀ yóò fi pé, tí yóò fi ya máàpù rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù aláwọ̀ oríṣiríṣi, àwọ̀ kan fún èrò kan. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé bí ilé bá ń jó, yóò kọ́kọ́ ya máàpù iná. Òun náà ní àléébù tirẹ̀: ọdún kan wà tí ó ń ya máàpù títí òjò fi dé, owó tán, wọ́n ní kí gbogbo àwa lébìrà máa lọ sílé, kò sì tíì pinnu ohunkóhun.

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kó àwọn méjèèjì sí àgọ́ kan náà, mo sì dúpẹ́ pé mo wà níbẹ̀. Odò kan wà tí góòlù ń jáde nínú rẹ̀. Òkúta funfun kan sì dábùú odò náà, ó gba orí òkè lọ. Òyìnbó ní òkúta funfun yìí ni bàbá góòlù náà, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò sí i lára lọ́la. Èkejì ní rárá, pé òkúta dúdú tó wà lókè lọ́hùn-ún, tó ti rà di ilẹ̀ pupa jíjìn, lè jẹ́ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí ní apá Ìtagunmọ́dì. Wọ́n jiyàn títí làǹtánù fi fẹ́ kú. Èdè òyìnbó wọn le ju èyí tí mo gbọ́ nígbà náà lọ, ṣùgbọ́n ìka tí wọ́n ń nà sí máàpù yé mi. Nígbà tó yá ni ọ̀dọ́ yẹn sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbàgbé: ó ní kí a má gbẹ́ ibi tí òun fẹ́, kí a má sì gbẹ́ ibi tí ọ̀gá fẹ́, kí a lọ wẹ páànù ní òkè odò, kọjá ibi tí òkúta funfun ti dábùú rẹ̀. Bí góòlù bá tán lókè níbẹ̀, òkúta funfun ni bàbá rẹ̀, òun yóò sì gba kámú. Bí góòlù bá sì wà síbẹ̀, a jẹ́ pé bàbá mìíràn wà.

Ilẹ̀ mọ́, a lọ. Góòlù wà lókè. Kò tó ti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà, kékeré, pẹlẹbẹ, nínú páànù lórí páànù. Òyìnbó kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó jẹun tán, ó dìde, ó fúnra rẹ̀ fa àwọn èèkàn rẹ̀ tu, ó sì ní kí a gbé ìdajì wọn lọ sí òkè. Bàbá méjì ni góòlù náà ní. Títí di òní, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń jiyàn níwájú mi, ohun tí mo máa ń wò ni bóyá ẹnì kan nínú wọn á dárúkọ ibi tí a lè lọ wò tí yóò fi ọ̀kan nínú wọn hàn ní òpùrọ́. Bí kò bá sí, mo máa ń gba ilé mi lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a di olówó. Góòlù náà kò tó ohun tí wọn yóò fi ẹ̀rọ wà, wọ́n ká àgọ́, owó oṣù tí wọ́n san fún wa kò tó ra bàtà tó jẹ tán lẹ́sẹ̀ wa. Kòtò tí a gbẹ́ sí àárín oko kòkó olóko, wọn kò dí i. Ìyá kan wà tó ń fún wa lómi mu, tó sọ fún wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé odò kejì lẹ́yìn oko òun ni àwọn baba òun ti máa ń rí ohun tó ń tàn. Ọ̀gá òyìnbó rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn ọdẹ mọ ibi tí ilẹ̀ ti yí àwọ̀, ibi tí òkúta wúwo jù, ibi tí koríko kì í hù dáadáa. Ṣàṣà ni ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé. Ìgbà wa dùn, ṣùgbọ́n ìgbéraga wà nínú rẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní ibi iná alẹ́ ni mo fi gbọ́ nípa àwọn tó ṣáájú. Ìjọba àwọn òyìnbó dá ẹgbẹ́ awákùsà sílẹ̀ ní Gúúsù Nàìjíríà ní 1903, lẹ́yìn náà ni Albert Kitson di olórí rẹ̀. Ní 1909, fàdákà ni wọ́n ń wá kiri ní agbègbè Údì. Èédú ni wọ́n bá pàdé. Ẹlòmíràn tí fàdákà bá wà lọ́kàn rẹ̀, yóò fẹsẹ̀ gbá òkúta dúdú yẹn dànù. Kitson dúró tì í. Nígbà tó fi di 1915, wọ́n ti ń wà á ní Énúgù, ojú irin sì tẹ̀lé e, ìlú sì hù nídìí rẹ̀. Ọkùnrin kan náà ló lọ sí Gold Coast lẹ́yìn náà, tó tún rí máńganíìsì ní Nsuta ní 1914. Àwọn àgbà ní ohun tí ojú ń wá ni ojú ń rí. Ti Kitson ta ko ọ̀rọ̀ àwọn àgbà díẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀.

Ti Bergheim ló yàtọ̀. John Bergheim ti lówó, ó sì ti lórúkọ nídìí epo ní Galicia, ní ìhà ìlà oòrùn Yúróòpù, níbi tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́, McGarvey, ti jọ ń lu ilẹ̀. Ibi tí epo bá ti ń sun jáde fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń lù lọ́hùn-ún. Ó dé etí òkun wa, ó rí ọ̀dà tó ń ti inú ilẹ̀ jáde ní apá Àràrọ̀mí, ní ilẹ̀ tó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, ọ̀dà tí àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Nigerian Bitumen Corporation, bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò ní nǹkan bí 1908. Ọ̀dà ló ń rí ṣáá, ọ̀dà àti epo tó ki tí kò ṣe é tà. Bergheim kú ní 1912, ogun dé ní 1914, iṣẹ́ dúró. Bí ẹ bá bi mí, èrò tó gbé wá láti Galicia ni kò jẹ́ kó bi ara rẹ̀ pé bóyá ọ̀dà tó wà lójú ilẹ̀ yìí jẹ́ àmì epo tó ti jò tán, dípò epo tó ń dúró de ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Ọ̀dà yẹn wà níbẹ̀ títí di òní, àwa sì ń ra ọ̀dà títì láti òkèèrè.

Lẹ́yìn náà ni Shell D'Arcy gba àṣẹ ní 1938 láti wá epo káàkiri gbogbo Nàìjíríà. Ogun Hitler dá wọn dúró, wọ́n padà dé. Ihò ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ lù ní Ìhò, lẹ́bàá Òwèrè, ní 1951, jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 11,000 lọ, gbígbẹ ló gbẹ. Wọn kò ní ilẹ̀ ló burú. Wọ́n yí èrò padà, wọ́n ń sún díẹ̀díẹ̀ sí ìhà òkun, wọ́n sì kan epo ní Olóìbírì ní 1956. Kí ẹ má rò pé ọgbọ́n nìkan ni. Owó tó lè fara da ihò gbígbẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òtòṣì kì í lè yí èrò padà lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí èrò ṣe ń le sínú orí ènìyàn. Lẹ́yìn Bergheim àti lẹ́yìn Olóìbírì, gbogbo ojú yí sí Niger Delta, ìwọ̀ oòrùn di ibi tí ẹni tó gbọ́n kì í ná owó sí. Àwọn ará Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rí epo ní Sèmè, lójú òkun, ní 1968, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ní 1982. Sèmè! Ibi tí ará Bàdágírì ń lọ ra ìrẹsì. Òkúta abẹ́ òkun kò mọ àṣọ́bodè, ṣùgbọ́n ààlà tí wọ́n fà sórí máàpù ti wọ orí àwọn ọ̀mọ̀ràn. Nígbà tó di 1996 ni wọ́n rí epo Àjé lójú òkun Bàdágírì, ọdún 2016 ni ilé-iṣẹ́ Yínká Fọláwiyọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, tí Èkó fi di ìpínlẹ̀ elépo.

Ọmọ mi obìnrin, tó kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní Ifẹ̀, ló ka ohun méjì fún mi tó mú mi rántí àgọ́ wa. Àkọ́kọ́ ni ti ará Amẹ́ríkà kan, Chamberlin, tó kọ̀wé ní 1890 pé ẹni tó bá ní èrò kan ṣoṣo nípa òkúta, yóò fẹ́ràn èrò náà bí bàbá ṣe ń fẹ́ràn ọmọ, kò ní rí àléébù rẹ̀ mọ́. Pé kí onímọ̀ bí èrò púpọ̀ kó má bàa ṣe ojúsàájú. Mo ní, ó dára, ṣùgbọ́n ó hàn pé Chamberlin kò gbé agbo ilé olórogún rí, nítorí bàbá ọlọ́mọ mẹ́wàá náà ní ààyò. Ohun tí ń tún un ṣe ni kí ìyá ọmọ kejì wà níbẹ̀ láti pariwo. Ọ̀gá òyìnbó àti ọ̀gá tẹ́ẹ́rẹ́, nínú àgọ́ kan náà.

Èkejì ni ti Clare Bond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Scotland, ní 2007. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá àwòrán abẹ́ ilẹ̀, irú èyí tí àwọn elépo máa ń yà nípa rírán ìró sínú ilẹ̀, àwọn fúnra wọn ló sì mọ bí ilẹ̀ inú àwòrán náà ṣe dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín in fún àwọn onímọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti àgbà ọ̀jẹ̀ pọ̀, èsì 412 ni wọ́n gbà padà. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló mú ìdáhùn tó tọ̀nà wá. Ẹni tó jẹ́ pé irú ilẹ̀ kan ló ti ń ṣiṣẹ́ lé lórí láti ọjọ́ yìí, irú ilẹ̀ yẹn ló rí nínú àwòrán náà, bí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Àwọn tó lo ọ̀nà oríṣiríṣi láti fi yẹ àwòrán náà wò ló sàn jù. Ọmọ mi rò pé yóò yà mí lẹ́nu. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Mo ti bá ẹni tó rí Òbúásì ní Ìjẹ̀ṣà jẹun.

Àwọn tiwa náà ṣe bẹbẹ, kí n má fi ìbáwí nìkan pa yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mosobalaje Oyawoye, ọmọ Ọ̀ffà, di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ilẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1966, nígbà tí ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú kò tíì jókòó lórí irú àga bẹ́ẹ̀. Òkúta kan ní Bauchi tí àwọn ará ìṣáájú ti rìn kọjá, òun ló dúró tì í, tó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, tí wọ́n fi ń pè é ní bauchite káàkiri ayé. Jones àti Hockey, òyìnbó ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn mọ ilẹ̀ wa: iṣẹ́ wọn tó jáde ní 1964 ni gbogbo ẹni tó fẹ́ mọ ilẹ̀ Abẹ́òkúta, Ìlaròó àti Ewékorò ṣì ń ṣí. Òkúta símẹ́ǹtì Ewékorò, tí iléeṣẹ́ ti ń lọ̀ láti 1960, òun ló kọ́ ìdajì Ayọ̀bọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní wá ní ohun tí àwa kò lálàá rẹ̀. Láàárín 2003 sí 2009, ìjọba mú kí ọkọ̀ òfuurufú fò yí gbogbo Nàìjíríà ká, mítà 80 péré sókè ilẹ̀, ìlà kan sí èkejì mítà 500, tó ń wọn òòfà inú òkúta àti ìtànṣán rẹ̀. Máàpù tó jáde nínú rẹ̀ dára ju aṣọ àdìrẹ lọ, pupa, aró, òféfèé. Ohun tí mo wá ń rí ni pé àwọn ọ̀dọ́ máa ń jókòó sínú yàrá tútù, wọn á na ìka sí ibi tó pupa jù, wọn á ní góòlù wà níbẹ̀. Àwọ̀ pupa kò sọ pé góòlù. Ó sọ pé òòfà pọ̀, ó parí. Òkúta tó lè mú òòfà pọ̀ tó mẹ́wàá. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ta ló ti rìn débẹ̀, wọn á ní ojú ọ̀nà kò dára. Ojú ọ̀nà tiwa náà kò dára, ẹ̀yin ọmọ.

Kí ẹ sì má rò pé ọ̀rọ̀ èrò inú yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ní Zamfara, ní 2010, góòlù ni àwọn ará abúlé ń wá, góòlù ni ojú wọn ń rí, wọ́n ń lọ òkúta náà nínú agbo ilé wọn. Òjé wà nínú òkúta kan náà. Ọmọ wẹ́wẹ́ tí òjé náà pa tó 400, ó kéré tán. Kò sí ẹni tó bèèrè pé kí ni nǹkan mìíràn tó wà nínú òkúta yìí.

Ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ńkọ́? Ní oṣù keje 2021, iléeṣẹ́ Thor Explorations yọ́ góòlù àkọ́kọ́ wọn ní Ṣẹ́gilọlá, ní agbègbè Odò-Ìjẹ̀ṣà, ìwakùsà góòlù ńlá àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ kì í ṣe ibi tuntun. Àwọn tó ṣáájú ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Ohun tó yí padà ni pé ẹnì kan lówó, ó ní sùúrù, ó lu ihò tó súnmọ́ra, ó sì ka ohun tí àwọn ará ìṣáájú kọ sílẹ̀ kó tó lù wọ́n. Èyí tó ṣáájú bá ti kọ sílẹ̀ ni ẹni tó tẹ̀lé e lè fi jiyàn pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí bàbá yín tàbí ìyá yín bá ṣiṣẹ́ òkúta, iṣẹ́ kànga, tàbí iṣẹ́ ojú irin láyé ọjọ́un, tí ó sì fi ìwé kékeré sílẹ̀ nínú àpótí, èyí tí amọ̀ ti kùn lára, tó kún fún nọ́ńbà, òǹkà ẹsẹ̀ bàtà àti àwòrán òkè tí kò yé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún aládùúgbò tó ń ta àkàrà. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀, Ìbàdàn tàbí Àkókà, tàbí sí ọ́fíìsì Nigerian Geological Survey Agency tó bá súnmọ́ yín, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí ẹ̀yìn rẹ̀.